Àga Kan Tó Ṣófo Nínú Bọ́ọ̀sì

Tíṣà Fálànà ti fẹ̀yìn tì, kò sì ní ará ilé mọ́ àfi àwọn ọkọ̀ ìṣeré onírin àtijọ́ tó tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí. Bọ́ọ̀sì pupa kan ló fẹ́ràn jù. Èrò mẹ́jọ tí wọn kò ju èékánná lọ jókòó sínú rẹ̀, kọ̀ńdọ́kítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àga kan ṣófo. Ogún ọdún ló ti ń wá ẹni tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ kiri.

Bí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́jọ́ kan, tó ń nu eruku ara wọn, ohùn obìnrin kan pè é: "Àjàgbé."

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀. "Hòo," ló dáhùn, kó tó rántí pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí.

Ẹ́ńjìnnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀fọn. Ó wo bọ́ọ̀sì náà. Ọwọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀, tó máa ń di ilẹ̀kùn mú, ti nà sí i báyìí.

"Bàbá, ẹ máa bọ̀. Ó ku ẹnì kan."

Tíṣà wo àga kan ṣoṣo tó wà nídìí tábìlì oúnjẹ rẹ̀. Ó na ọwọ́ mú fìlà.