Adésọjí Tó Fi Dúdú Bo Pupa

Ohun tó ba ayé Adésọjí jẹ́ ni pé ó máa ń fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dára lójú, kò sì bìkítà bóyá ó dára nínú. Bí ògiri bá sán, ọ̀dà ni yóò wá kiri, kò ní wá sìmẹ́ǹtì.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Èyítọ́pẹ́, tó ń kàwé ní yunifásítì, jọ ń gbé yàrá méjì ní Uselu, nílùú Benin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ ojú-ewé orí kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé iṣẹ́. Ó gbọ́ JavaScript dáadáa, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún ojú-ewé pé kí ọ̀rọ̀ kan farahàn, kí òmíràn pòórá, kí àwọ̀ èyí di pupa, kí ti ìyẹn di àwọ̀ ewé.

Ní ọdún 2012, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní New Benin gbé iṣẹ́ fún un. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ gbogbo aláìsàn wà lójú-ewé kan, kí orúkọ ẹni tí ara rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì sì máa pọ́n yòò, kí nọ́ọ̀sì má baà ṣèèṣì gún un. Adésọjí ṣe é. Ó gba káàdì ilé ìwòsàn náà fún àbúrò rẹ̀, ó sì fi orúkọ tirẹ̀ náà síbẹ̀, nítorí pẹnisílìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Èyítọ́pẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kan ó tún nǹkan kékeré ṣe lára ojú-ewé náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Comfort, ọmọ Edo tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, pè é lórí fóònù.

“Oga Soji, everybody name don red o!”

Adésọjí lọ síbẹ̀. Lóòótọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo orúkọ ló pọ́n. Ó mọ̀ pé kí òun tó rí àṣìṣe náà, òun ní láti ka gbogbo ohun tí òun kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ibùdókọ̀ kan ń dúró dè é ní Aduwawa, ẹni tó fẹ́ ojú-ewé tí àwòrán bọ́ọ̀sì yóò máa sáré kọjá lórí rẹ̀. Adésọjí kọ ìlà kan ṣoṣo: bí ojú-ewé bá ti ṣí, kí gbogbo orúkọ di dúdú. Gbogbo rẹ̀ sì dúdú.

“You don see wetin cause am?” Comfort bi í.

“I don see am, ma,” ni Adésọjí dáhùn, kò sì tíì rí nǹkan kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín fún àbúrò rẹ̀. Èyítọ́pẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

“Bọ̀dá mi, ẹni tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ pọ́n lóòótọ́ ńkọ́?”

“Wọ́n ní fáìlì oníwèé.”

“Ta ló ń ṣí ìwé wò mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti gbé kọ̀ǹpútà fún wọn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ.”

“Màá lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Mọ́ńdè dé, Aduwawa ló lọ. Mọ́ńdè kejì dé, ó ní ó ti rẹ òun. Nígbà tí Èyítọ́pẹ́ tún béèrè, ó jágbe mọ́ ọn: “Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?” Ọmọ náà kò béèrè mọ́. Bí iná kò bá sì tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ibà líle dá Èyítọ́pẹ́ wó ní kíláàsì. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú, kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí káàdì ilé ìwòsàn náà nínú báàgì rẹ̀, wọ́n sì fi takisí gbé e lọ sí New Benin. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jayéọlá ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá orúkọ rẹ̀, ó rí i ní dúdú. Ó gún un ní pẹnisílìnì. Láìpẹ́, mímí di ogun. Gbogbo wọn sáré, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Nígbà tí Adésọjí fi dé láti Aduwawa, wọ́n ti fi aṣọ bo Èyítọ́pẹ́ lójú. Jayéọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mo wò ó, ẹ̀gbọ́n,” ó ń wí ṣáá. “Mo wò ó dáadáa. Dúdú ni.”

Adésọjí lọ síwájú kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó kọ. Kò pẹ́ rárá tó fi rí àṣìṣe náà. Àmì ìdọ́gba kan ṣoṣo ló fi síbi tó yẹ kó fi méjì sí. Dípò kí ojú-ewé máa béèrè bóyá ara aláìsàn kò gba oògùn, ńṣe ló ń pàṣẹ pé ara ẹnikẹ́ni kò gbà á. Ó fi àmì kan kún un, ó yọ ìlà tó fi bo pupa kúrò. Orúkọ mẹ́ta péré ló pọ́n. Ti Èyítọ́pẹ́ ni ìkejì. Comfort wò ó láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jáde.

Ilé ìwòsàn náà lé Adésọjí, wọ́n sì lé Jayéọlá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá ibùdókọ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀ padà, ẹlòmíràn kò sì gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni fóònù tó pè sí Ọ̀wọ̀.

“Sọjí,” ni ìyá rẹ̀ wí, “ṣé o ò sọ fún wọn pé ara ẹ̀ ò gbà á ni?”

“Mo sọ fún wọn, Màámi.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Gbé ọmọ mi wálé fún mi,” ni ìyá wí. “Ìwọ má wá.”

Adésọjí gbé òkú àbúrò rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì dúró létí títì Uselu títí ọkọ̀ náà fi lọ tán lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Adésọjí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Bí ohun kan bá ń ké pé ewu wà, ẹ wá ìdí igbe náà. Ẹ má ṣe dí i lẹ́nu. Ẹ má sì sọ pé ẹ ti rí ohun tí ẹ kò tíì rí, torí ẹni tó gbà yín gbọ́ yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ tí a fi ẹ̀tàn bò lè dúró de ọ̀la, ṣùgbọ́n ikú kì í bá wa dá Mọ́ńdè.