Ọjọ́ Tí Ẹ̀ṣọ́ Jáde Fàájì

"A ò lè lọ sí ilé ọtí yẹn!" Ẹ̀ṣọ́ ilé oúnjẹ, tó gba ìsinmi lónìí, gbá tábìlì gbàmù. "Mo dá oníbàárà kan lápá níbẹ̀."

"Ibi tí wọ́n ti ń jó ńkọ́?" ni awakọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í.

"Ibẹ̀ ni mo ti gbá eyín ẹnìkan dànù."

"Háà! Ṣé gbogbo ìgboro lo fẹ́ lù tán ni? Ó yá, ká lọ sí ilé ijó tuntun tó wà létí odò."

Orin ń dún níbẹ̀ bíi pé ilé fẹ́ wó. Aṣọ́nà ibẹ̀ ní òun máa kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò. Ẹ̀ṣọ́ mọ òfin iṣẹ́ rẹ̀: ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ má tíì sọwọ́ kalẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

Aṣọ́nà di ẹ̀ṣẹ́. Ẹnu tó fi ń rẹ́rìn-ín kò ní eyín iwájú kankan.