Ilé Kan Ṣoṣo tó Kù Lójú Pápá

Ìlú kékeré tí Olútáyọ̀ ń gbé, lẹ́bàá Capitol Heights lókè òkun, ń retí àlejò. Ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfigigbá ń wá ibùdó tuntun, àwọn aṣojú wọn sì ti wá wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá gbà, wọn ó kọ́ pápá ìṣeré síbẹ̀, iṣẹ́ á dé, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé á tún ṣí. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Olútáyọ̀ ya ẹnu bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n àmín náà ò jáde.

Ilé mọ́kànlá ló wà lójú ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ pápá sí. Àwọn onílé mẹ́wàá ti buwọ́ lùwé pé àwọn á kó kúrò. Tirẹ̀ ló kù.

Michelle, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lanham, tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbìmọ̀ ìlú, wá bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó tẹ orúnkún bíńtín bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì jókòó.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé gan-an? Ilé tí a fẹ́ fún yín ní Glenn Dale dáa ju èyí lọ."

"Màmá mi ni," Olútáyọ̀ fèsì. "Wọn ò ṣeé gbé kúrò."

"Kò sí àtẹ̀gùn kankan níbẹ̀. A máa wá ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì á tẹ̀lé wọn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la máa gbé wọn."

"Mo ní wọn ò ṣeé gbé."

Michelle wo ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé. "Ṣé mo lè lọ kí wọn?"

Kí ó tó sọ ọ́ tán, Àrínọlá, ìyàwó Olútáyọ̀, ti dìde. Ó lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn náà. "Wọn ò fẹ́ àlejò, ọmọ mi. A ó bá ọ kí wọn." Tíì ọwọ́ rẹ̀ ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀.

Michelle gbé báàgì rẹ̀. "Lọ́jọ́bọ̀, àwọn ẹnjiníà máa wá lu ihò sí ilẹ̀ abẹ́ ilé, kí wọ́n lè mọ bí àpáta ṣe jìn tó. Wọ́n ti gba àṣẹ kọ́ọ̀tù, Dádì. Ẹ kàn ṣílẹ̀kùn fún wọn ni."

Iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ni Olútáyọ̀ ti ń ṣe láti ogún ọdún sẹ́yìn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló da sìmẹ́ńtì tuntun sí ilẹ̀ yàrá Màmá, ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín dí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò lè jáde. Ilẹ̀ náà dán bí àwo. Láràárọ̀ ni ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kí Màmá kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, kì í sì í dúró gba èsì.

Ọdún mẹ́fà rèé tí Màmá ti dé láti Ọ̀yọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ wọn kọjá níwájú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, Màmá sì béèrè ohun tí ilé náà wà fún. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́.

"Olútáyọ̀, má jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sáàárín àwọn àjòjì láéláé. Ilé rẹ ni n ó wà."

Ó ṣèlérí.

Ní Ọjọ́rú, Nasir aládùúgbò rẹ̀ ń di ẹrù sínú ọkọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Táyọ̀ alágídí! Gbogbo ìlú ń lọ síwájú, ìwọ nìkan lo jókòó sójú ọ̀nà bí òkúta. Àbí wúrà lo rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀?"

"Màmá ni, Alàájì."

"Ó tún ní Màmá! Ṣé èmi ò ní ìyá ni? Tèmi ń lọ síbi tí mo bá ń lọ."

Àwọn ẹnjiníà wà nínú ilé Nasir lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Olútáyọ̀ gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe fọ́ sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n gbé ọ̀pá irin gígùn oníhò jáde, wọ́n sì tẹ́ ilẹ̀ inú rẹ̀ sórí pátákó: sìmẹ́ńtì lókè, amọ̀ pupa nísàlẹ̀. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú u wò, ní díẹ̀díẹ̀. Olútáyọ̀ yíjú padà, ó wọlé lọ ti ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àrínọlá ní kí àwọn sá lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, Tèmi.

"Kí a wá fi Màmá nìkan sílẹ̀ fún wọn?" ni Olútáyọ̀ wí.

Àrínọlá padà jókòó. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí àga. Ọkọ̀ ńlá kan dúró níta. Wọ́n gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń já irin sílẹ̀. Ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Olútáyọ̀ dìde, ó lọ ṣí i.

Michelle nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹgbẹ́ náà ò wá mọ́, Dádì. Ìlú mìíràn ni wọ́n mú. Ìsinsìnyí ni wọ́n pè wá."

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ẹ̀rọ náà padà sínú ọkọ̀. Ní òdìkejì títì, Nasir jókòó lórí ẹrù tó ti dì, ó fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Olútáyọ̀ wí. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tì í.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ó ti ń ṣe láràárọ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán ní ọjọ́ yìnyín, ó sì rọra sọ fún ìyá rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ náà ti wà lábẹ́ yàrá tirẹ̀ ní Ọ̀yọ́: "Màmá, wọn ò ní hú yín mọ́."