Ìbídùn Kò Tẹ̀ka

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìròyìn àárọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ akọ̀ròyìn ti kọ ọ́ tán: ọkọ̀ ojú omi dojú dé, Akínrìnádé tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Òfin ní kí Ìbídùn olóòtú tẹ̀ka sí i kó tó jáde.

"Òótọ́ ni mo kọ," ni ẹ̀rọ náà wí.

"Mo mọ̀. Ta ló ti lọ sọ fún ìyá rẹ̀?"

"Wọn kò ní kí n wádìí ìyẹn."

Ìbídùn kò tẹ̀ka. Ó sáré lọ sílé ìyá Akínrìnádé. Ìyá gbé rédíò lé itan.

"Ẹ̀yin ará rédíò ò ka ìròyìn lónìí?" ni wọ́n béèrè.

Ìbídùn kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ìyá wojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé wọn, wọ́n sì pa rédíò.

"O ṣeun," ni wọ́n wí, "tí o fẹsẹ̀ ara rẹ wá."