Ilẹ̀ Ti Ṣú Níbí

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwòrán ayé tí sátẹ́láìtì ń yà láti òfuurufú.

Òkùnkùn ń rọra bo ayé lójú kọ̀ǹpútà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa.

Ọkọ mi pè. Oṣù mẹ́ta rèé tó ti lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun.

"Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ ti ṣú níbí. Jẹ́ kí n tan iná."

Ó ń mí gúlegúle.

Mo tún kọ̀ǹpútà wò. Níbi tó ní òun wà, ọ̀sán gangan ni!

Irọ́ lọ lóṣù mẹ́ta, òtítọ́ bá a lónìí.

Mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Obìnrin náà ló ń bá a wí:

"Dádì, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ yọ ẹ̀rọ mímí nímú."