Wàrà Ìyálé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Dán Wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ wá jù ú sílẹ̀ o. Ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá sì jẹ́ àgbà nílé yín, ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Àwọn obìnrin agboolé kan ní Ìffẹ̀, nílẹ̀ Ìjùmú, ń sin màlúù díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fún wàrà tán láàárọ̀, wọ́n á dà á pọ̀ sínú agolo ńlá kan nínú fírísà tó wà nílé Lois, ìyàwó tó kéré jù láàárín wọn. Túndé, ọmọkùnrin tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì ní Kàbà, á wá fi ọkọ̀ gbé e.

Òfin kan ń bẹ. Kí wàrà ẹnikẹ́ni tó wọ agolo, Lois á kọ́kọ́ bu díẹ̀ sórí iná. Bó bá hó tí kò dì, ó dáa. Bó bá ṣù pọ̀, ó ti kan nìyẹn, kí ẹni tó ni ín máa gbé e lọ. Òfin yìí mú gbogbo wọn, àfi Martha. Kí ló dé? Martha, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ernest, ni ìyálé, òun ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ. Ta ni yóò gbé wàrà ìyálé kaná bí ẹni ń wádìí olè?

Túndé sì ti kìlọ̀ fún wọn: "Bí wàrà yín bá dáa títí ọ̀sẹ̀ yìí á fi parí, ẹ̀yin ni n ó máa bá ṣe lọ. Bó bá bàjẹ́ pẹ́nrẹ́n, àwọn tó ń ta wàrà ní Igbaruku ń dúró dè mí." Láti ọjọ́ náà, ara ò rọ ẹnikẹ́ni lágboolé.

2.
Ara Martha ni kò rọ̀ jù. Kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kún ju ti gbogbo ìyàwó ilé lọ, ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fún wàrà tí wọn yóò mu nílé tán, ó rí i pé àwọn akọrin ti ń péjọ fún orin Ìkórè. Dípò kó ki kẹ́ẹ̀gì bọ omi tútù kí wàrà má bàa kan, ó gbé e kalẹ̀ sí fàrándà, ó sáré lọ. Bó ṣe dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó lọ sùn. Ooru sì mú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, wàrà tó fún lára màlúù rẹ̀ kò dé ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. "Kí àwọn ọmọ kéékèèké yìí rí kẹ́ẹ̀gì èmi ní ìdajì? Èèwọ̀!" Ó ṣí ti àná, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ń ta nímú díẹ̀. Ó wò yíká, ó sì dà á lé ti òní lórí.

3.
Lois gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì náà kí wọ́n tó gbé e sọ̀ rárá. Ó kúnlẹ̀, ó kí ìyálé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kíra nílẹ̀ wọn.

"Okun o, Ìyá Ernest. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kaná."

"O ní kí ni? Èmi tí mo bu omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ wá? Wàrà tèmi lo fẹ́ dán wò?"

"Ẹ dárí jì mí, mà. Nítorí Túndé ni."

"Túndé ló fẹ́ ọ sílé ni? Yẹra fún mi!"

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ da wàrà náà sínú agolo. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí o! Ohun tí gbogbo ilé fi òógùn wá ló bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn.

4.
Túndé dé, ó bu wàrà láti inú agolo sórí iná. Kò pẹ́ tó fi ṣù pọ̀ gbàmù.

"Ta ló ṣe èyí?"

Gbogbo obìnrin kọjú sí Lois. "Ìwọ lò ń ṣọ́ fírísà! O ti pa wá!"

Lois ń sunkún, ó yíjú sí ìyálé rẹ̀. "Ìyá Ernest, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Martha tún gèlè rẹ̀ wé, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n da gbogbo wàrà náà sẹ́yìnkùlé, ajá ló lá a. Ọkọ̀ Túndé kọrí sí ọ̀nà Igbaruku.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Martha rìn lọ, ó rìn bọ̀, títí ó fi kanlẹ̀kùn Lois.

"Ìyàwó, wàrà tèmi ni."

"Mo mọ̀, Ìyá Ernest. Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀. Ìgbà tí Túndé wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́."

5.
Kò pẹ́ tí gbogbo agboolé fi mọ̀ pé wàrà Martha ni, ṣùgbọ́n Túndé ò padà wá mọ́. Àwọn ìyàwó ilé tún ń dá wàrà wọn jọ, wọ́n ń wá oníbàárà mìíràn. Bí Martha bá ń kọjá, wọ́n á kúnlẹ̀ dáadáa: "Okun o, Ìyá Ernest." Kò sẹ́ni tó rí i fín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń da wàrà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Òun nìkan ló ń ru kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ tà lọ́nà Kàbà láràárọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, wàrà ò mọ ìyálé. Ẹ tètè ki í bọ omi tútù, ẹ má da ti àná mọ́ ti òní, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dán tiyín wò ṣáájú ti ọmọdé. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi ọrùn ẹlòmíràn ru ú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.