Pijó Tí Kò Dé Ibi Ìkórè

Àìnísùúrù ni àrùn tó ń ṣe Ọláolú. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, ẹnikẹ́ni kò sì lè pè é ní ahun. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti wọ̀ ọ́ lójú, àfi kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí iṣu bá wà lórí iná, òun ni yóò máa ṣí ìkòkò wò títí ooru yóò fi tán níbẹ̀.

Mitchellville, lókè òkun, ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Adébùnmí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Jesse ọmọ wọn. Ní ọdún 2006, Màmá Ọmọ́jọlá, opó àgbàlagbà kan nínú ìjọ Áńgílíkà wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ láti padà sí Ìbàdàn. Ó ní kí Ọláolú wá bá òun kó ẹrù inú gáréèjì òun ní Cheverly. Ibẹ̀ ni Ọláolú ti ká tapólìn kan tí eruku bò, tó sì bá ọkọ̀ Pijó 504 aláwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀. Dókítà, olóògbé ọkọ Màmá, ló rà á nígbà èwe wọn. Láti ọjọ́ tí Dókítà ti kú, ó lé lógún ọdún, kò sẹ́ni tó tún wà á.

Orí Ọláolú wú. Irú ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń wà l'Ọ́yọ̀ọ́ nìyí! Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe!"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Kí n tó wọ bàálù, fi gbé mi jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Iwájú yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ni ìjókòó tèmi."

Wọ́n wọ́ Pijó náà dé ilé Ọláolú, bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mobáyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bí ojú, ń wá ní gbogbo Sátidé. Wọ́n kó ìtẹ́ eku kúrò lórí íńjìnnì. Wọ́n da epo tó ti dì nínú táǹkì nù. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n pààrọ̀ táyà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọláolú yí kọ́kọ́rọ́. Íńjìnnì wúkọ́, ó sín, ó tún wúkọ́, ó sì dún lọ gbuurú! Àwọn ọkùnrin méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń fò sókè bí ọmọdé tó rí òjò àkọ́rọ̀. Àwọn aládùúgbò jáde síta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ayọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Mobáyọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ojú rẹ̀ ti yí padà nígbà tó jáde.

"Ọláolú, àwọn rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì ti gbó, wọ́n ti ń sán. Mo ti ní kí wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé. Kó tó dé, má gbé ọkọ̀ yìí kọjá iwájú ilé o."

"Ṣebí ó ń mú tí mo bá tẹ̀ ẹ́?"

"Ó ń mú lónìí ni. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Màmá ò tíì ń lọ."

Ọláolú mi orí pé òun gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìkórè ìjọ wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, ojú inú rẹ̀ sì ti ń rí i bí gbogbo ìjọ yóò ṣe tú jáde wá wo Pijó. Nígbà tí ọjọ́ náà mọ́, ó nu ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán bíi dígí. Adébùnmí, tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Dádì Jesse, ṣé Bọ̀dá Mobáyọ̀ ti ní kí ẹ máa gbé e jáde?"

"Ó ti parí gbogbo ẹ̀," ni Ọláolú wí, láìwo ojú ìyàwó rẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n ahọ́n Ọláolú ti wà nínú àwo.

Háà, ìdùnnú Màmá láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí Ọláolú wá gbé e lọ sí Ìkórè! Ó wé gèlè, ó jókòó síwájú, ó ń fi ọwọ́ pa ibi gbogbo nínú ọkọ̀ náà. "Dókítà, ẹ wò mí o!" ló ń wí. Àwọn tó ń kọjá ń fun fèrè kí wọn, Màmá sì ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó tuntun. Ọláolú ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún.

Wọ́n dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Nísàlẹ̀, iná pupa ti dá àwọn ọkọ̀ dúró. Ọláolú tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì lọ dé ilẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òfìfo ni. Ó fa bíréèkì ọwọ́, okùn tó ti dípẹtà já.

"Màmá, ẹ di nǹkan mú!"

Ó yà kúrò lójú ọ̀nà kí ó má baà pa àwọn tó wà níwájú. Igi ńlá kan ló dá Pijó dúró.

Iwájú orí Ọláolú bó díẹ̀. Itan Màmá ṣẹ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ, ibẹ̀ gan-an ni Adébùnmí wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó ti ń di ọgbẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni Mobáyọ̀ sáré wọlé.

"Bọ̀dá Mobáyọ̀, ṣebí ẹ ní ẹ ti parí bíréèkì yẹn?"

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Adébùnmí wo ọkọ rẹ̀. Ó fi báńdéèjì lé Mobáyọ̀ lọ́wọ́, ó sì jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ Ọláolú kò tilẹ̀ rìn dé alẹ́.

Adájọ́ gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Wọ́n wọ́ Pijó lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ ògbólógbòó ọkọ̀. Ọláolú lọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó ń sunkún.

"Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ ìdáríjì."

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí Màmá tó lè rìnrìn-àjò, orí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló sì jókòó sí lọ. Mobáyọ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú. Ọláolú, tí òfin ti gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé Cheverly, ó ń juwọ́, títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ọláolú kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ohun rere kì í di ibi fúnra rẹ̀. Ìwàǹwára ní í sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní ká dúró díẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró. Pàápàá jù lọ, ẹ má ṣe jẹ́ ká fi irọ́ ra àyè fún ìkánjú wa, nítorí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé wa ló máa ń jókòó síwájú. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.